Ọkọ̀ Olójú Kan

Lóru, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn, iná kan ṣoṣo tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán lè tan awakọ̀ jẹ. Á rò pé ọ̀kadà ni. Kò ní rí ìdí tó fi yẹ kí òun yà fún un púpọ̀, àfìgbà tí nǹkan náà bá kù dẹ̀dẹ̀, tó wá rí i pé ọkọ̀ akẹ́rù ni, pé iná òsì rẹ̀ ló kú, àti pé ìhà tí kò ní iná yẹn gan-an ló wà láàárín títì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà iná òsì ló máa ń sún mọ́ ẹni tó ń bọ̀ jù. Àwọn awakọ̀ ní orúkọ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: olójú kan.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, olójú kan á yà sí ìsọ̀ rìwáyà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe wáyà ọkọ̀. Kí awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ti dájọ́: “Gílóòbù ló jó, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀.” Nígbà míì, ó jàre. Ṣùgbọ́n kò sí ìsọ̀ rìwáyà tí kò mọ ẹni tó ra gílóòbù mẹ́ta láàárín oṣù kan tí iná kò sì tíì tàn dáadáa. Gílóòbù ni ojú ń rí pé ó kú. Ohun tó pa á lè wà nídìí bátìrì, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí lára ìdè kan tó ti dógùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Rìwáyà tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ látorí rírà. Ipasẹ̀ iná ló máa ń tọ̀.

Ọ̀nà tí iná náà ń rìn kò ṣòro láti mọ̀. Láti orí pósítíìfù bátìrì, ó gba inú fíùsì, ó gba inú rílè, ó tẹ̀lé wáyà dé ìdí gílóòbù, ó la fọ́nrán inú gílóòbù kọjá, ó bọ́ sára irin ọkọ̀ níbi tí wọ́n de áàtì, ìyẹn wáyà àbọ̀, mọ́, irin yìí ló sì gbé e padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ibikíbi tó bá ti já, ì báà jẹ́ ní àlọ tàbí ní àbọ̀, iná kò ní tàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí àlọ. Àbọ̀ ni wọ́n ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni àléébù tó ń dá orí rú jù máa ń fara pamọ́ sí.

Gílóòbù H4, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1971 tó sì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Japan, ní fọ́nrán méjì. Èyí tó ń tan fúlù, iná tó ń wo ọ̀nà jíjìn, jẹ́ wáàtì 60, èyí tó ń tan dímù, iná tó rẹlẹ̀, jẹ́ 55. Bí wọ́n bá fi fólítì 12 pín 55, ó lé díẹ̀ ní áńpíà mẹ́rin àbọ̀. Ti ọ̀tún àti òsì pa pọ̀ lé ní mẹ́sàn-án. Súwíìṣì kékeré tó wà nídìí ṣítíárìn kò lè máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́ kó má jó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rílè sí i. Súwíìṣì á fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí rílè, kọ́ìlì inú rẹ̀ á di òòfà, òòfà á fa irin kékeré kan mọ́ra, kọ́! ọ̀nà ńlá á ṣí. Nọ́ńbà ìdí rílè ni rìwáyà máa ń kà: 30 ni iná tó ti bátìrì wá, 87 ni èyí tó ń lọ sí gílóòbù, 85 àti 86 sì ni ẹsẹ̀ kọ́ìlì méjèèjì.

Kí ọ̀gá rìwáyà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣé ọ̀kan ló kú àbí méjèèjì? Ṣé dímù nìkan ni àbí fúlù náà? Ṣé ó kú lójijì àbí ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀? Ṣé ó máa ń tàn bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò? Ṣé òjò pa á lánàá? Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí máa ń bí àwọn awakọ̀ kan nínú, bẹ́ẹ̀ òun ló sábà máa ń bí ọmọ: ẹnì kan ti so fèrè tuntun mọ́ wáyà iná, tàbí kí wọ́n ti ta ẹ̀rọ adènà-olè mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìdáhùn ló ń sọ ibi tí wọn kò ní fàkókò ṣòfò dé. Bí ọ̀kan bá kú tí èkejì ń tàn, ọwọ́ súwíìṣì mọ́. Ẹ̀bi wà ní apá ọ̀nà tó jẹ́ ti iná yẹn nìkan: gílóòbù rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, áàtì rẹ̀, tàbí fíùsì rẹ̀, nítorí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀tún àti òsì ní fíùsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro kí gílóòbù méjì bá ara wọn mulẹ̀ ikú. Ibi tí ọ̀nà wọn ti pàdé ni wọ́n máa lọ wò, ìyẹn rílè, súwíìṣì tàbí fíùsì àgbà. Àmọ́ o, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí awakọ̀ kò fura títí èkejì fi tẹ̀lé e lánàá. Ẹni tó ń wà á nìkan ni kì í tètè mọ̀ pé ọkọ̀ òun ti di olójú kan.

Fún olójú kan, ìdánwò tó yá jù kò gba irinṣẹ́ kankan. Wọ́n á yọ gílóòbù ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bí àìtàn bá bá gílóòbù kọjá sí òdìkejì, gílóòbù ló jó. Bí ó bá jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, gílóòbù kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Aṣọ mímọ́ ló yẹ kí wọ́n fi dì í mú, nítorí dígí hálójìn ń gbóná gan-an, òróró ìka tó bá kù lára rẹ̀ sì máa ń mú kí ojú ibẹ̀ gbóná ju ìyókù lọ, tí gílóòbù tuntun á fi kú láìtọ́jọ́.

Kí wọ́n tó dá a padà, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìtàn tirẹ̀ láti sọ: ike tó ti gbó di àwọ̀ kọfí, irin tó ti dúdú, òórùn jíjó. Gílóòbù wáàtì 100 tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ kí iná wọn mọ́lẹ̀ gan-an wà lára ohun tó ń fa èyí. Àpò rẹ̀ jọ ti H4, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé wẹ́kú, ṣùgbọ́n ó ń gba áńpíà tó lé ní mẹ́jọ lórí wáyà tí wọ́n ṣe fún mẹ́rin àbọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ yọ́.

Fíùsì ní tirẹ̀ ń fi àwọ̀ sọ̀rọ̀: áńpíà 10 pupa, 15 búlúù, 20 yẹ́lò, 30 àwọ̀ ewé. Èyí tó jó lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ ti ogbó. Èyí tó jó, tí wọ́n fi tuntun sí i, tó tún jó lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ló ń jẹ́: wáyà kan ti bó níbì kan, ó sì ń fara kan irin ọkọ̀ kí iná tó dé gílóòbù. Eku lè ti jẹ èèpo rẹ̀, tàbí kí etí irin kan ti máa ha á láti ọjọ́ pípẹ́. Ibí yìí ni àwọn kan ti máa ń fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíùsì jíjó náà. Iná á tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fíùsì ni wọ́n ṣe kó lè kú kí ọkọ̀ má kú. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di aláìleèkú, èèpo wáyà ni yóò jó dípò rẹ̀, bóyá lóru, bóyá nígbà tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọgbọ́n tó sàn jù wà lọ́wọ́ àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n á yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì iná iwájú méjèèjì kúrò kí kọ́rẹ́ǹtì má lè gba ibẹ̀. Wọ́n á yọ fíùsì, wọ́n á fi wáyà méjì ta gílóòbù bíréèkì wáàtì 21 sójú rẹ̀, wọ́n á sì tan súwíìṣì. Bí gílóòbù yẹn bá tàn, wáyà ṣì ń fara kan irin, gílóòbù náà ló sì ń di kọ́rẹ́ǹtì mú kó má jó nǹkan kan. Wọ́n á wá máa gbé wáyà sókè, wọ́n á máa mì ín, láti ibi dé ibi. Ibi tí wọ́n bá gbé tí gílóòbù náà kú pí, ọwọ́ ti bà á. Kò sí fíùsì kan tó ṣòfò.

Bí fíùsì bá yè, tí gílóòbù sì dára, ó kan mítà, irinṣẹ́ tó ń wọn fólítì. Mítà kì í purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá bi í nìkan ló ń dáhùn. Ọmọṣẹ́ á yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, á ti ẹsẹ̀ mítà bọ̀ ọ́, á rí fólítì 12, á ní, “Ọ̀gá, iná wà o.” Á dá gílóòbù padà, kò ní tàn, á tún ní gílóòbù ni. Ohun tí kò mọ̀ ni pé mítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kọ́rẹ́ǹtì kankan. Wáyà tó ní ogún fọ́nrán, tí mọ́kàndínlógún ti já, ṣì lè gbé fólítì 12 dé ojú mítà. Bí ọ̀nà oko tóóró ni: ẹnì kan á rìn ín kọjá láìfara kan igbó, àmọ́ lọ́jọ́ ọjà, tí gbogbo abúlé bá dà síbẹ̀ tẹrù-tẹrù, wọ́n á fún ara wọn pa. Áńpíà mẹ́rin àbọ̀ ni ọjọ́ ọjà.

Torí náà, iná ní láti wà ní títàn kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ mítà kan á wà lórí pósítíìfù bátìrì, èkejì á gún ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí iná ti ń wọ gílóòbù. Nọ́ńbà tó bá jáde ni iye fólítì tó sọnù lójú ọ̀nà. Bí kò bá tó 0.5, ọ̀nà mọ́. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbọ̀ náà: ẹsẹ̀ kan níbi tí iná ti ń jáde kúrò nínú gílóòbù, èkejì lórí nẹ́gétíìfù bátìrì; níbẹ̀, ohun tó bá ti ju 0.2 lọ ti ń pe àkíyèsí. Bí mítà bá wá kọ 2, wọ́n á máa sún ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì sí rílè, láti rílè sí fíùsì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti já wálẹ̀ lójijì, wọ́n ti kọjá ẹ̀bi náà.

Ìdènà tó kéré gan-an ló ń fa àdánù fólítì yìí. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí Georg Ohm ará Jámánì tẹ̀ jáde lọ́dún 1827, bí ìdènà tí kò ju ómù 0.3 lọ bá dúró lójú ọ̀nà áńpíà mẹ́rin, fólítì 1.2 ló jẹ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n gílóòbù kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ó: bí fólítì bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ló ń bá a lọ. Àgbàlagbà tó ń sọ pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì lóru, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ ojú ọkọ̀ rẹ̀ wò.

Àmọ́ kò sí ohun tó ń ya ènìyàn lẹ́nu tó áàtì. Awakọ̀ á dé, á ní: “Mo tan dímù. Ọ̀tún dára, òsì ń ṣe bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, àmọ́ iná búlúù fúlù orí dáṣíbọ́ọ̀dù náà ń tàn fírífírí. Mi ò sì tan fúlù.” Ẹlòmíràn á ní àfọwọ́ṣe ni. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdè áàtì iná òsì ti dógùn-ún. Kọ́rẹ́ǹtì dímù wọ gílóòbù òsì, ó la fọ́nrán dímù kọjá, ó dé ẹsẹ̀ tí fọ́nrán méjèèjì jọ ń bá jáde, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Kọ́rẹ́ǹtì kò ní sùn síbẹ̀. Ó yí padà, ó gba inú fọ́nrán fúlù gílóòbù kan náà, ó bọ́ sórí wáyà fúlù, wáyà yìí ló sì so òsì mọ́ ọ̀tún àti mọ́ iná búlúù orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tẹ̀lé e dé gílóòbù ọ̀tún, ó la fọ́nrán fúlù ibẹ̀ kọjá, ó wá rí áàtì tó dára bá lọ sílé. Fọ́nrán mẹ́ta ló pín fólítì 12 jẹ, kò sí èyí tó yó nínú wọn, iná búlúù sì tọ́ díẹ̀ wò lójú ọ̀nà.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: wáyà kan láti nẹ́gétíìfù bátìrì, kí wọ́n fi kan ẹsẹ̀ áàtì gílóòbù òsì. Bí òsì bá là rekete, tí iná búlúù sì kú, ọ̀ràn ti tán. Wọ́n á tú ìdè náà, wọ́n á fi sáńpépà ha á títí irin á fi funfun, wọ́n á tún un dè, wọ́n á sì fi gíríìsì díẹ̀ bò ó kí omi má padà débẹ̀. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni irú èyí máa ń bá jà gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn lo ayé wọn ní àríwá Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà á jẹ ìdè áàtì lábẹ́lẹ̀, wọ́n á kun ọkọ̀ lọ́dà, ó dé Èkó ó ń dán.

Toyota àtijọ́ tún ní àwàdà tirẹ̀. Lára àwọn kan nínú wọn, iná pósítíìfù ló ń dúró de gílóòbù nínú ẹsẹ̀ tí fọ́nrán méjèèjì jọ ń lò, áàtì sì ni súwíìṣì ń ṣí tó sì ń tì. Ẹni tó bá ń wá áàtì níbi tó ti máa ń rí i lára ọkọ̀ mìíràn á bá pósítíìfù pàdé níbẹ̀, á sì gé wáyà tí kò ṣẹ̀.

Ẹ̀bi tí kì í ṣe ẹ̀bi náà wà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni Kánádà ti ní dandan kí ọkọ̀ tuntun máa tan iná ọ̀sán fúnra rẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì rèé, fọ́nrán fúlù ni wọ́n ń fi fólítì tó rẹlẹ̀ tàn fún èyí. Bí irú rẹ̀ bá dé Ìbàdàn, gbogbo ẹni tó pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án á máa juwọ́ sí awakọ̀: “Iná ẹ ń tàn o!” Awakọ̀ á pa súwíìṣì títí, kò ní kú, á gba ìsọ̀ lọ. Rìwáyà kan á mú abẹ́. Èyí tó mọ̀ á ní kó fa bíréèkì ọwọ́ sókè kó tó ṣáná sí ọkọ̀. Lára púpọ̀ nínú wọn, iná ọ̀sán kì í tàn títí wọ́n á fi sọ bíréèkì náà kalẹ̀.

Rílè kò ní wàhálà púpọ̀. Wọ́n á gbọ́ bóyá ó ń ró kọ́, wọ́n á sì yọ rílè fèrè tí ó bá jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n fi dípò rẹ̀. Ẹ̀tàn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ríró kò túmọ̀ sí pé iná ń kọjá: kọ́ìlì lè fa irin mọ́ra dáadáa, kí ojú ibi tí irin méjèèjì ti ń pàdé sì ti jó dúdú.

Ti gílóòbù tó ń kú lemọ́lemọ́ yàtọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fólítì tó ń jáde nínú ọ́tánétọ̀ sábà máa ń wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bí ó bá ti kọjá 15, régúlétọ̀ inú rẹ̀ ti ya oníkanra, kì í sì í ṣe gílóòbù nìkan ló máa ń pa. Omi bátìrì náà á máa gbẹ. Fólítì tó fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ lè gé ọjọ́ ayé gílóòbù sí nǹkan bí ìdajì. Òdìkejì rẹ̀ ni ti iná tó ń ṣú bí ọkọ̀ bá dúró, tó sì ń là bí wọ́n bá tẹ tọ́tù: nídìí ọ́tánétọ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ tàbí bátìrì tó ti rẹ̀ ni kí wọ́n kọrí sí.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ̀rọ̀ wáyà ọkọ̀ ní Nàìjíríà láìdárúkọ “dáírẹ́ẹ̀tì”. Bí àléébù bá ta kókó, wọ́n á fi wáyà tuntun gba ọ̀nà àbùjá láti bátìrì sí gílóòbù, iná á tàn, oníkálukú á lọ sílé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Wáyà tó nípọn tó, tí fíùsì wà létí bátìrì rẹ̀, tí rílè tuntun sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, lè dára ju ti ilé iṣẹ́ tó ti gbó lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ lójú pópó kò ní fíùsì, ó gba ara ẹ́ńjìnnì gbígbóná kọjá, téèpù dúdú nìkan ló bo oríkèé rẹ̀. Bí àléébù kejì bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, rìwáyà tuntun á máa wá wáyà pupa nínú ìwé, kó máa rí aláwọ̀ ewé lára ọkọ̀.

Ọkọ̀ ìgbàlódé ti yí eré náà padà díẹ̀. Iná xenon, tí ó bọ́ sára BMW 7 Series lọ́dún 1991, nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì kí ó tó ràn, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán wá a kiri nígbà tí súwíìṣì wà ní títàn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà ló ń tan iná: súwíìṣì kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni. Bí kọ̀ǹpútà náà bá wọn kọ́rẹ́ǹtì tó rí i pé ó kéré ju ti gílóòbù tó mọ̀, á kọ ìkìlọ̀ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìdí nìyẹn tí LED olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ki bọ ojú hálójìn fi máa ń tàn, kó sì máa ṣẹ́jú; ó tún máa ń fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Skánà ló ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, skánà kò lè ha áàtì.

Nígbà tí iná bá tàn tán, iṣẹ́ kù díẹ̀. Wọ́n á ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n á tan fáànù àti wáípà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á gbá ara ọkọ̀ lábàrá lẹ́bàá iná, wọ́n á sì dojú rẹ̀ kọ ògiri láti wò ó bóyá òsì àti ọ̀tún wà ní ìpele kan náà. Lẹ́yìn náà lọ̀rọ̀ kan owó. Awakọ̀ á wo sáńpépà kékeré tó wà nílẹ̀, á wo ìdè tó ń dán, á wo rìwáyà. “Ẹ ò ra nǹkan kan kẹ̀, ẹ kàn ha irin ni.” Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á na ọwọ́ sí gílóòbù mẹ́ta tí awakọ̀ rà lóṣù tó kọjá, tí wọ́n ṣì wà nínú páálí wọn lórí ìjókòó ẹ̀yìn.